Ẹ Wo Ọwọ́ Ẹni Tí Yóò Lò Ó: Ìbéèrè Yín Lórí Àwòrán Inú Ìwé Ìlànà

Láti ìgbà tí mo ti mẹ́nu ba ìwé ìlànà tí wọ́n máa ń kó sínú páálí ẹ̀rọ ni lẹ́tà yín ti ń dé. Inú mi dùn gidigidi, nítorí pé iṣẹ́ tí mò ń ṣe jẹun nìyẹn: mo máa ń ya àwòrán fún àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ àti àwọn tó ń ta ohun èlò, ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Lágéré, Ilé-Ifẹ̀ níbí. Àyè kò gba gbogbo lẹ́tà. Àwọn tí mo mú yìí ni mo rò pé ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò rí ọ̀rọ̀ ara wọn nínú rẹ̀.

*Ẹ kú iṣẹ́, mà. Iléṣà ni mo ti ń ṣe ẹ̀rọ tí ń rin gbáàgúdá. Àwọn ìyá tó ń ṣe gàrí ní abúlé, lọ́nà Ìfẹ̀wàrà àti lọ́nà Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, ló ń rà á jù lọ́wọ́ mi. Mo fẹ́ tẹ ìwé pélébé kan tí màá máa fún ẹni tó bá ra ẹ̀rọ, nítorí pé wọ́n máa ń pè mí lórí fóònù tọ̀sán-tòru fún ohun tí kò tó nǹkan. Ọmọ mi ti fi fóònù ya ẹ̀rọ náà ní fọ́tò rẹpẹtẹ. Àbúrò mi ní kí n jẹ́ kí ayàwòrán fi ọwọ́ yà á. Èwo ló dára jù? — Oníṣẹ́ irin, Ìsọ̀kùn, Iléṣà*

Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ ọwọ́. Ẹ jẹ́ kí ayàwòrán fi ọwọ́ yà á.

Fọ́tò kì í ṣẹ́ nǹkan kù. Bí ọmọ yín ṣe tẹ fóònù yẹn, gbogbo ohun tó wà níwájú rẹ̀ ló kó wọlé: ẹ̀rọ, òjìji ẹ̀rọ, èèpo gbáàgúdá nílẹ̀, ewúrẹ́ tó ń kọjá, bàtà ẹni tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìyá tó ń wá ibi tí wọ́n ń bu ọ́ìlì sí yóò kọ́kọ́ wo ewúrẹ́. Àwòrán tí a fi ìlà yà kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó yà á ló yan ohun tí ojú yóò rí. Ó tilẹ̀ lè yọ ìbòrí bẹ́líìtì kúrò lójú ìwé, kí a rí bẹ́líìtì àti bíárìn tó wà lábẹ́ rẹ̀ níbi tí wọ́n wà gan-an, èyí tí fọ́tò kò lè ṣe àfi tí ẹ bá tú ẹ̀rọ palẹ̀. Ẹ tún rántí fọ́tókọ́pì. Ọ̀nà ibẹ̀ ni ìwé yín máa gbà dé ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Fọ́tò tí wọ́n bá ti ṣe ẹ̀dà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta á dúdú kirikiri, ṣùgbọ́n ìlà dúdú lórí pépà funfun á ṣì máa hàn.

Ẹ má tìtorí ìyẹn da fọ́tò ọmọ yín nù o. Ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde, kí ayàwòrán gbé pépà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé e lórí, kó tọ ipa àwọn ìlà tí ẹ nílò nìkan. Ìwọ̀n ẹ̀rọ kò ní yẹ̀. Ẹ fi fọ́tò kan ṣoṣo síwájú ìwé náà, kí ẹni tó rà á lè mọ̀ pé ẹ̀rọ tòun gan-an ni ìwé ń sọ. Ibì kan tún wà tí fọ́tò aláwọ̀ ti dára ju ìlà lọ: bí ẹ bá fẹ́ fi ọ́ìlì tó ṣì dára hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ́ìlì tó ti bàjẹ́.

Nínú ọ̀pọ̀ ìwé tí mo ti rí, ibi tí ẹ̀rọ ti dùn-ún wò jù ni wọ́n ti ń yà á. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ dúró síbi tí ìyá tó ń kó gbáàgúdá sẹ́nu ẹ̀rọ máa ń dúró sí, kí ẹ sì ya ohun tó ń rí láti ibẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, kó wà lọ́wọ́ ọ̀tún lójú ìwé. Kò yẹ kó máa yí ìwé po lọ́wọ́ kó tó mọ ibi tó wà.

Ẹ ya ọwọ́ sí i. Ọwọ́ ló ń jẹ́ kí a mọ bí nǹkan ṣe tóbi tó, òun náà ló ń sọ ohun tí a ó fi ṣe é: ìka méjì ni a fi ń ṣí ìdérí yìí, àtẹ́lẹwọ́ ni a fi ń ti tọ̀hún. Ṣùgbọ́n kí ọwọ́ náà ní apá, kí apá náà sì wọ aṣọ. Ọwọ́ tí a gé ní ọrùn-ọwọ́, tó kàn ń fò kiri lójú ìwé, máa ń ba àwọn àgbàlagbà kan lẹ́rù. Mo ti gbọ́ tí ìyá àgbà kan béèrè pé ta ni ẹ̀rọ gé lọ́wọ́. Kò fi ṣe ẹ̀fẹ̀, ó fẹ́ mọ̀ ni.

Ìgbésẹ̀ kan, àwòrán kan. Ẹ kọ nọ́ńbà gàdàgbà sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ẹni tí kò mọ̀wé mọ nọ́ńbà, torí pé ó ń náwó lọ́jà, ó sì ń tẹ fóònù.

Ọfà ni mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ jù. Iṣẹ́ méjì ni àwọn ayàwòrán ń fi ọfà ṣe: wọ́n ń fi tọ́ka sí ẹ̀yà ẹ̀rọ kí wọ́n lè dárúkọ rẹ̀, wọ́n sì tún ń fi sọ pé kí a yí nǹkan, kí a tì í, kí a fà á. Bí ọfà méjèèjì bá jọra, ẹni tó ń wo ìwé lè máa ti ohun tí ẹ kàn fẹ́ dárúkọ fún un. Ẹ fi ìlà tín-ín-rín tí kò lórí dárúkọ nǹkan. Kí ọfà tó sanra, tó lórí, máa jẹ́ ti ohun tí ọwọ́ ń ṣe nìkan. Bó bá jẹ́ pé yíyí ni, kí ọfà náà tẹ̀, kó bẹ̀rẹ̀ níbi tí ọwọ́ ti bẹ̀rẹ̀, kó sì parí síbi tí ọwọ́ yóò dúró.

Ohun tó lè pa ènìyàn lára kì í dúró de ìparí ìwé. Ó gbọ́dọ̀ ṣáájú ìgbésẹ̀ tó kàn án. Kí ìyá náà tó rí àwòrán bí a ṣe ń kó gbáàgúdá sẹ́nu ẹ̀rọ ni kó ti rí igi tí a fi ń tì í wọlé, kó sì rí i pé ọwọ́ jìnnà sí ẹnu náà. Ẹ ya obìnrin tó ró ìró rẹ̀ mọ́ra dáadáa, tó ká apá bùbá rẹ̀ sókè, tí etí gèlè rẹ̀ kò fì. Bẹ́líìtì kì í bọ̀wọ̀ fún aṣọ.

Àwòrán mọ ibi tí nǹkan wà, ó sì mọ bí a ṣe ń ṣe é. Kò mọ iye, kò mọ ìgbà, kò sì mọ ìdí. Ọ̀rọ̀ ló ni àwọn yẹn. Bí ẹ bá ya ike ọ́ìlì, ẹ kọ iye ọ́ìlì tó yẹ sí i, àti iye wákàtí tí ẹ̀rọ yóò fi ṣiṣẹ́ kí a tó pààrọ̀ rẹ̀. Abẹ́ àwòrán náà gan-an ni kí ẹ kọ ọ́ sí, kì í ṣe ojú ewé kejì níbi tí ó ti di ọ̀rọ̀ wíwá kiri.

Nígbà tí ẹ bá parí, ẹ má tíì gbé e lọ sílé ìtẹ̀wé. Ẹ mú ẹ̀dà kan lọ bá ìyá kan tí kò lo irú ẹ̀rọ yín rí. Ẹ má bi í pé, "Ṣé ó yé yín?" Á ní ó yé òun. Kò sí ìyá Ìjẹ̀ṣà tí yóò jẹ́ kí ẹni tó ti Ìsọ̀kùn wá kí i nílé padà lọ pẹ̀lú ìtìjú. Ohun tí ẹ máa sọ ni pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi ṣe ohun tí ẹ rí nínú ìwé yìí." Lẹ́yìn náà, ẹ panu mọ́, ẹ máa wo ọwọ́ rẹ̀. Ibi tí ọwọ́ náà bá ti dúró, tó ń wá ibi tí yóò lọ, ibẹ̀ ni iṣẹ́ ṣì kù sí.

Mi ò fi èyí ṣeré rárá. Aládùúgbò mi kan tó ń ránṣọ ra jẹnẹrétọ̀ tuntun, ó sì ṣí ìwé rẹ̀ sílẹ̀ lójú mi. Ìdérí méjì ni wọ́n yà síbẹ̀, ọ̀kan ti pẹtiróòlù, ọ̀kan ti ọ́ìlì. Bákan náà ni wọ́n tóbi, bákan náà ni wọ́n rí, ìlà tó so wọ́n mọ́ orúkọ wọn sì kọjá lórí ara wọn. Ike ọ́ìlì ti ń tẹ̀ sẹ́nu táǹkì pẹtiróòlù kí ọmọṣẹ́ rẹ̀ tó gbá a lọ́wọ́ mú. Obìnrin yẹn kàwé dáadáa. Àwòrán ni kò sọ̀rọ̀.

*Àǹtí mi, ẹ kú àtìlẹyìn. Mo ní ṣọ́ọ̀bù oògùn ní Ìlódè. Àwọn oníbàárà mi kan kò lè ka ohun tí mo bá kọ sára nílọ́ọ̀nù oògùn, nítorí náà mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya oòrùn fún àárọ̀ àti òṣùpá fún alẹ́. Ṣé ó tó bẹ́ẹ̀? — Olóògùn, Ìlódè, Ilé-Ifẹ̀*

Ọlọ́run á san yín lẹ́san ìrònú yẹn. Ṣùgbọ́n kò tíì tó.

Oòrùn tí ẹ yà, ta ló sọ fún wọn pé ti àárọ̀ ni? Oòrùn tó ń yọ àti oòrùn tó ń wọ̀, ọ̀kan náà ni wọ́n lórí pépà, ti ọ̀sán ló sì ń mú jù nílẹ̀ yìí. Mo fẹ́ràn kí a ya ohun tí ènìyàn ń ṣe ní àkókò náà. Ẹ ya ife ẹ̀kọ mímu àti àkàrà fún àárọ̀, ẹ ya ẹni tó fẹ́ sùn lórí ẹní fún alẹ́. Ẹ wá ya hóró oògùn fúnra rẹ̀, bó ṣe tóbi tó gan-an, iye tí yóò lò. Bó bá jẹ́ ìdajì, ẹ ya hóró tó ti pín sí méjì, kí ẹ kun apá kan dúdú.

Ẹ jẹ́ ká mú oògùn ibà tí gbogbo wa mọ̀, èyí tí wọ́n pò artemether àti lumefantrine pọ̀ nínú rẹ̀, hóró kékeré tí wọ́n kọ 20/120 mg sí lára. Ẹni tó bá wúwo tó kílò 35 sókè ń lo hóró 4 lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, fún ọjọ́ 3. Hóró 24 ni lápapọ̀. Ọmọ tó wà láàárín kílò 5 sí 14 ń lo hóró 1 lẹ́ẹ̀kan, kílò 15 sí 24 ń lo 2, kílò 25 sí 34 ń lo 3. Lára ọ̀pọ̀ páálí rẹ̀, wọ́n ti to hóró náà lẹ́sẹẹsẹ, wọ́n sì ya oòrùn àti òṣùpá sí i. Iṣẹ́ dáadáa ni. Síbẹ̀, ìgbà kejì tí a ó lò ó lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wákàtí 8 lẹ́yìn ìgbà àkọ́kọ́ ni. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ ní agogo méjì ọ̀sán, agogo mẹ́wàá alẹ́ ni yóò tún lò ó. Kò sí oòrùn, kò sí òṣùpá tó lè sọ ìyẹn. Ẹ ya ojú aago, ẹ kọ agogo náà sí i, kí ẹ sì fẹnu sọ ọ́. Ẹ ya àwo oúnjẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, torí pé oúnjẹ ni a fi ń lò ó. Kí oníbàárà náà tó kúrò, ẹ ní kó gbé nílọ́ọ̀nù náà sọ́wọ́, kó sọ fún yín ohun tí yóò ṣe bó bá délé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣọ́ra fún igo nínú àwòrán. Nínú àwọn àwòrán àtijọ́ tí wọ́n fi kọ́ àwọn ìyá bí a ṣe ń po omi iyọ̀ àti ṣúgà fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru, igo ọtí kan tàbí igo mínírà kékeré méjì ni wọ́n máa ń yà, torí pé 60cl ni wọ́n fẹ́ kí omi náà jẹ́. Lónìí, ike mínírà 35cl wà, ti 50cl wà, ti 60cl wà. Ìyá tó bá rí igo nínú àwòrán, tó wá mú ike tó bá bọ́ sí i lọ́wọ́, iyọ̀ lè pọ̀ jù nínú omi ọmọ rẹ̀. Bí ẹ bá ń ta ORS, ìyẹ̀fun iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ti pò sínú sàṣẹ́ẹ̀tì, ẹ wo iye omi tí wọ́n kọ sára sàṣẹ́ẹ̀tì náà. Ti lítà kan wà, ti ìdajì lítà wà. Ẹ fi ohun tí ìyá náà ní nílé wọ̀n ọ́n lójú rẹ̀.

*Ẹ káàsán, mà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní OAU. Mo ń kọ ìwé ìlò áàpù kan tí àwa mẹ́ta ṣe. Mo ti kó fọ́tò ojú fóònù tó lé ní ogójì sínú rẹ̀. Ọ̀gá mi ní ó ti pọ̀ jù. — Ọmọ Ifẹ̀ Gíga*

Ọ̀gá yín sọ òótọ́. Ẹ má ya gbogbo ojú fóònù sílẹ̀ nígbà tó jẹ́ pé bọ́tìnnì kan ni ẹ fẹ́ kí wọ́n tẹ̀. Ẹ gé e kù sí apá ibẹ̀, pẹ̀lú díẹ̀ lára ohun tó yí i ká kí òǹkàwé má baà sọnù. Àǹfààní mìíràn ni pé bí ẹ bá tún áàpù náà ṣe, àwòrán díẹ̀ ni ẹ máa tún yà. Ibi tí kò bá sí ohun tuntun láti rí, ọ̀rọ̀ ti tó. Ẹ dárúkọ àwòrán kọ̀ọ̀kan, bíi "Àwòrán 3", nínú ọ̀rọ̀ yín kí òǹkàwé tó kàn án. Kí àkọlé abẹ́ rẹ̀ sọ ohun tí a fẹ́ kó ṣàkíyèsí. "Ojú ewé àkọ́kọ́" kì í ṣe àkọlé. "Bọ́tìnnì tó ń fi owó ránṣẹ́ kò ní tàn àfi tí ẹ bá ti kọ nọ́ńbà tán" ni àkọlé.

*Ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Oògùn oko ni mò ń tà ní Odò-Ògbè. Oríṣiríṣi àmì ni wọ́n yà sára ike rẹ̀: agbárí, ẹja tó kú, ìbọ̀wọ́, bàtà òjò. Àwọn àgbẹ̀ kòkó tó ń rà á kì í tilẹ̀ wò ó. Ṣé kò yé wọn ni, àbí wọn kò bìkítà? — Oníbàárà yín, Ilé-Ifẹ̀*

Ẹ má tíì dá wọn lẹ́bi. Àmì kì í bá ẹni tí a kò kọ́ sọ̀rọ̀.

Bí àgbẹ̀ ará Ifẹ̀ bá rí ìkarahun ìgbín, òòyà tó kán àti àkísà pupa tí wọ́n so mọ́ igi ìdáná tí ẹnìkan ṣẹ́ jọ, kò ní fọwọ́ kàn án. Ààlè ni. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan lára rẹ̀, ọmọ kékeré sì mọ ohun tó ń sọ. Ṣùgbọ́n àlejò tó ti òkè òkun dé lè tú àkísà yẹn dànù, kó ru igi náà lọ, kó má tilẹ̀ mọ̀ pé wọ́n kìlọ̀ fún òun. Àwọn àmì ara ike yín, ààlè ìlú mìíràn ni lójú àwọn àgbẹ̀ wa. Ẹni tó tà á fún wọn ni yóò kọ́ wọn.

Kì í ṣe àgbẹ̀ nìkan ló ń ṣẹlẹ̀ sí. Ní 1987, nílùú Goiânia ní Brazil, àwọn kan tú ẹ̀rọ ìtọ́jú jẹjẹrẹ tí wọ́n pa tì sílé ìwòsàn àtijọ́ kan. Ìyẹ̀fun cesium-137 tó wà nínú rẹ̀, èyí tó ń ta ìtànṣán olóró, ń tàn búlúù nínú òkùnkùn. Wọ́n gbé e wálé, wọ́n ń fi han ẹbí, wọ́n ń pín in fún ọ̀rẹ́. Ènìyàn 4 kú. Láti ọjọ́ tó ti pẹ́ ni àmì ewé mẹ́ta dúdú lórí àwọ̀ yẹ́lò ti jẹ́ àmì ìtànṣán olóró káàkiri ayé, ṣùgbọ́n ewé mẹ́ta kò sọ "ikú" fún ẹni tí kò kọ́ ọ. Nígbà tó di 2007, IAEA, àjọ àgbáyé tó ń rí sí agbára átọ́míìkì, àti ISO, àjọ àgbáyé tó ń gbé ìlànà ìwọ̀n àti àmì kalẹ̀, gbé àmì kejì jáde fún àwọn ìtànṣán tó léwu jù: ewé mẹ́ta náà ń ta ìtànṣán sísàlẹ̀, agbárí wà níbẹ̀, ènìyàn kan sì ń sá lọ, gbogbo rẹ̀ lórí àwọ̀ pupa. Kí wọ́n tó gbé e jáde, wọ́n fi han àwọn ènìyàn ní orílẹ̀-èdè 11, Kẹ́ńyà àti Mòrókò wà lára wọn. Ohun tó wù mí nínú ìtàn yìí ni pé wọ́n béèrè kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ mú ìlà aláwọ̀ tó wà nísàlẹ̀ lébẹ́ẹ̀lì, torí òun ló rọrùn jù. Pupa ni èyí tó lóró jù, yẹ́lò tẹ̀lé e, búlúù, àwọ̀ ewé ló gbẹ̀yìn. Ẹ kìlọ̀ fún wọn gidigidi lórí àwọ̀ ewé. Àgbẹ̀ lè rò pé nítorí pé ó jẹ́ àwọ̀ ewé, kò lóró rárá, tàbí pé oògùn ewé ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lórí ọ̀pọ̀ lébẹ́ẹ̀lì, àwọn àwòrán kékeré inú ìlà náà pín sí méjì: àwọn ti apá òsì ń sọ ohun tí a ó wọ̀ nígbà tí a bá ń po oògùn, àwọn ti apá ọ̀tún ń sọ ohun tí a ó wọ̀ nígbà tí a bá ń fọ́n ọn. Mo ti bi àwọn tó ń fọ́n oògùn sí kòkó léèrè. Ojú kan náà ni wọ́n fi ń wo méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìgbà tí a bá ń pò ó ni oògùn náà le jù, torí pé omi kò tíì là á.

Ẹ ya pátákó ńlá kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ káńtà yín. Àmì mẹ́ta péré ni kó wà níbẹ̀ fún ìbẹ̀rẹ̀, agbárí, ìbọ̀wọ́, àti ọwọ́ tí a ń fọ̀. Ẹ má ṣe ya ọmọ tó ń mu nínú ike, kí ẹ wá fa ìlà pupa kọjá lórí rẹ̀. Ẹni tó bá wò ó láti ọ̀nà jíjìn, ọmọ tó ń mu nǹkan ni yóò rí, bí oòrùn bá sì ti pa pupa náà, ìlà yẹn á parẹ́ kí ọmọ tó parẹ́. Ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe ni kí ẹ yà: ike oògùn nínú àpótí, kọ́kọ́rọ́ lẹ́nu àpótí, ọmọ lókèèrè. Bó bá di dandan kí ẹ fi èyí tó tọ́ àti èyí tí kò tọ́ hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹ rántí pé ilé-ìwé ni wọ́n ti ń kọ́ ènìyàn pé máàkì ✓ dára, ✗ kò dára. Ẹni tí kò lọ kò mọ̀ ọ́n. Ẹ ya ojú ẹni tí ara ń ro, tó di ikùn mú, sí èyí tí kò tọ́.

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé àwọ̀ nìkan. Àwọn ọkùnrin kan wà tí ojú wọn kì í ya pupa sọ́tọ̀ lára àwọ̀ ewé. Ìdí nìyẹn tí àwọn àmì ààbò àgbáyé fi ní ìrísí tiwọn pẹ̀lú àwọ̀: róbótó tí ìlà dábùú ń sọ pé má ṣe é, onígun mẹ́ta yẹ́lò ń sọ pé ṣọ́ra, róbótó búlúù ń sọ pé o gbọ́dọ̀ ṣe é.

*Ẹ kú iṣẹ́, ọmọ mi. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí ní Iléṣà, mo sì ṣì máa ń kọ́ àwọn ọmọ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ń dùn mí pé àwọn ọ̀dọ́ kì í kàwé mọ́, àwòrán ni wọ́n ń wò. Ṣé ìwé ìlànà tó kún fún àwòrán kò ní sọ wọ́n di òpè pátápátá? Nígbà tiwa, ìwé ọmọdé ni wọ́n ń ya àwòrán sí. — Bàbá Olùkọ́, Iléṣà*

Bàbá, ẹ kú ìsinmi, ẹ sì kú àánú àwọn ọmọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí láyè kí n má fara mọ́ ọn.

Nígbà tiyín náà kọ́ ni àwòrán jẹ́ ti ọmọdé nìkan. Ní àwọn ọdún 1950, nígbà tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ń darí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, ìjọba náà bá obìnrin kan ṣiṣẹ́ pọ̀, Marie Neurath, ọmọ Jámánì tó ń gbé ní England. Òun àti ọkọ rẹ̀, Otto Neurath, wà lára àwọn tó dá ìlànà àwòrán tí wọ́n ń pè ní Isotype sílẹ̀ ní Vienna láti àwọn ọdún 1920. Ọkọ ti kú ní 1945. Aya ló ń bá iṣẹ́ náà lọ. Ó wá síbí fúnra rẹ̀, ó wo aṣọ wa, ó wo ilé wa, ó wo igi oko wa, ohun tó rí sì hàn nínú àwọn àwòrán náà. Ìwé pélébé jáde lórí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 1955, lórí ìlera àti lórí iṣẹ́ àgbẹ̀. Àgbàlagbà tó ń san owó orí ni wọ́n ṣe ìwé yẹn fún, kí ó lè rí ohun tí ìjọba fẹ́ fi owó rẹ̀ ṣe.

Òfin Isotype kan wà tí mo máa ń tẹ̀ lé títí di òní. Bí iye nǹkan bá pọ̀ sí i, wọn kì í ya èyí tó tóbi sí i. Iye àwòrán ni wọ́n ń fi kún un. Bí ilé-ìwé bá di ìlọ́po méjì, ẹ ya ilé méjì tó dọ́gba. Tí ẹ bá ya ilé kan tó ga ní ìlọ́po méjì tó sì fẹ̀ ní ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ni àyè tó gbà lójú ìwé, irọ́ ni ojú yóò sì gbà gbọ́. Ìṣirò gidi ló wà nínú ìyẹn, kì í ṣe ohun ìṣeré.

Ẹ lọ wo ilé ìwòsàn Wesley Guild níbẹ̀ ní Iléṣà. Ṣé dókítà kan lè kẹ́kọ̀ọ́ egungun láìsí àwòrán? Ṣé bíríkìlà ń kọ́ ilé láìsí púlánì?

Ibi tí ẹ ti gba àwọn ayàwòrán mú ni ti àwòrán ọ̀ṣọ́. Ọkùnrin tó fi akoto sórí, tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, tí kò fọwọ́ kan ohunkóhun. Irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ń gba àyè, kò kọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ yọ ọ́ kúrò.

Nítorí pé ẹ ṣì ń kọ́ àwọn ọmọ, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe ọ̀kan fúnra wọn. Ẹ mú agolo panápaná pupa tó máa ń wà lára ògiri. Nǹkan mẹ́rin ni a ń ṣe: a ó fa pínnì rẹ̀ yọ, a ó kọ ẹnu rọ́bà sí ìdí iná, a ó fún ọwọ́ rẹ̀ pọ̀, a ó máa fì í sọ́tùn-ún sósì. Kí kíláàsì kan ya mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láìkọ ọ̀rọ̀ kankan sí i, kí wọ́n gbé e fún kíláàsì mìíràn tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí ẹ kọ́ wọn, kí àwọn yẹn sì fi agolo tó ti ṣófo ṣe ohun tí wọ́n rí. Mo rò pé àwòrán kejì ni wọn yóò ti ṣì í, torí pé orí iná ni ojú máa ń lọ, àwọn ọmọ á sì kọ rọ́bà síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó yà á rí i fúnra wọn, kí ẹ sì fún wọn ní pépà mìíràn kí wọ́n tún un yà.